Ẹni Tí Yóò Tọ́ Iyọ̀ Sàmósà Wò

Ilé tó bá ní ọmọdé, ọmọdé ni í tọ́ iyọ̀ wò lóṣù ààwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé wa ní Ọ̀ffà, bẹ́ẹ̀ náà ni mo bá a ní Alabar nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó wá sí Kumasi ní ilẹ̀ Gánà. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ẹnu títí oòrùn á fi wọ̀, oúnjẹ ìṣínu sì gbọ́dọ̀ délẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbà. Nítorí náà wọ́n á pe ọmọ kan, wọ́n á bu díẹ̀ lé e lọ́wọ́, á lá a, á ní iyọ̀ tó tàbí iyọ̀ kò tó, á sì sáré padà sídìí eré rẹ̀. Kò ní wàhálà kankan nínú.

Ilé ọkọ mi kò ní ọmọdé. Ìyá ọkọ mi, tí mo ń pè ní Màámá, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, òun náà ni ọkọ mi. Àwa mẹ́ta la wà nínú ilé yẹn. Nígbà tí mo dé, Màámá ti dàgbà kọjá ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù, ọkọ mi ní tiẹ̀ ọkùnrin ni, kò sí ohun tí yóò dá ààwẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó wá ku èmi. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í gbààwẹ̀, kì í kírun, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí nìyẹn. Ọjọ́ tí tèmi bá dé nínú Ràmàdáánì ni Màámá máa ń rí ẹni bá wọn tọ́ iyọ̀ wò; àwọn ọjọ́ yòókù, ojú lásán la fi ń wọn iyọ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́: ọjọ́ tí wọ́n bá na ṣíbí sí mi, ọjọ́ náà ni gbogbo ilé mọ̀ pé mi ò lóyún.

Sàmósà ni oúnjẹ ìṣínu wa. Màámá kọ́ ọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, lọ́wọ́ obìnrin ará Íńdíà kan tí ọkọ rẹ̀ ń ta aṣọ nítòsí ọjà Kejetia. Wọ́n ń bá obìnrin náà tọ́jú ilé. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, ẹ̀fọ́ nìkan ló ń dì sínú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Màámá ṣe gbà á láìyí nǹkan kan padà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo ní ṣé kí n fi ẹran lílọ̀ díẹ̀ sí i. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé ní Ọ̀ffà ni wọ́n ti bí sàmósà ni?" Mo padà sídìí ẹ̀fọ́.

Tí a bá ti kírun Àílà tán la máa ń bẹ̀rẹ̀. Màámá á po ìyẹ̀fun pẹ̀lú òróró díẹ̀ àti omi, wọ́n á fi ọwọ́ gún un títí á fi dán, wọ́n á fi aṣọ tútù bò ó kó sinmi. Èmi ni mo ni ẹ̀fọ́: pọ̀tétò sísè tí mo gé wẹ́wẹ́, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì, píìsì, àlùbọ́sà, atalẹ̀, ata, kọ́rì. Màá máa yí i lórí iná títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, nítorí bí omi bá kù nínú rẹ̀, á bẹ́ nínú òróró gbígbóná. Nígbà náà, Màámá á ti fi ìgò tẹ́ ìyẹ̀fun wọn pẹrẹsẹ, wọ́n á tò ó léra pẹ̀lú òróró láàárín, wọ́n á yan án fẹ́ẹ́rẹ́ lórí páànù gbígbẹ, wọ́n á sì máa bó o níkọ̀ọ̀kan nígbà tó ṣì ń gbóná. A á gé e tẹ́ẹ́rẹ́, a á ká a bí ìwé tí ẹlẹ́pà ń ká, a á rọ ẹ̀fọ́ sí i, a á fi ìyẹ̀fun pípò lẹ etí rẹ̀ pa. Tí o bá ti lẹ̀ ẹ́ pa, ó parí. Iyọ̀ tó kù kò ṣeé fi sí i, èyí tó pọ̀ jù kò ṣeé yọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnìkan fi gbọ́dọ̀ tọ́ ẹ̀fọ́ wò kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

Mo wá ọ̀nà tí mo fi máa bọ́, ẹ má rò pé mi ò wá a. Lèmọ́mù àdúgbò wa sọ nínú wàásí pé ẹni tó ń dáná lè fi orí ahọ́n kan oúnjẹ kí ó sì tu ú dànù, ààwẹ̀ rẹ̀ kò bà jẹ́. Mo sáré gbé e dé ọ̀dọ̀ Màámá. Wọ́n ní, "Lèmọ́mù kì í dáná, ìyàwó rẹ̀ ló ń dáná. Ààwẹ̀ tèmi, mi ò fẹ́ iyèméjì nínú rẹ̀." Mo ní ṣebí obìnrin Hausa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bímọ rẹpẹtẹ, kí á kúkú máa pe ọ̀kan nínú wọn. Ojú Màámá yí padà. Wọ́n ní, "Mi ò ní yá ahọ́n ọmọ ọlọ́mọ." Wọ́n kọjú sí ìyẹ̀fun wọn.

Ẹ má rò pé ìkà ni wọ́n. Ìkà ì bá rọrùn, ènìyàn mọ bí a ti ń bá ìkà jà. Wọn kò fi ọmọ bú mi rí. Wọn kò ní kí ọmọ wọn fẹ́ ìyàwó kejì, òun náà kò sì fẹ́ ẹ. Àwọn ará ilé mi ní Ọ̀ffà máa ń sọ fún mi lórí fóònù pé kí n máa dúpẹ́. Mò ń dúpẹ́, inú sì ń bí mi pé wọ́n fẹ́ kí n máa dúpẹ́. Àṣìṣe Màámá kò ju àdúrà kan lọ. Alẹ́ tí wọ́n bá rí oṣù Ràmàdáánì, wọ́n á pè mí, wọ́n á gbé ọwọ́ lé orí mi, wọ́n á ní, "Ìyàwó, lọ́dún yìí, Ọlọ́run á jẹ́ kí o gbààwẹ̀ rẹ pé." Ta ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Obìnrin tí nǹkan oṣù ń wá bá kì í gbààwẹ̀ pé. Màá kúnlẹ̀, màá ṣe àmín. Kò ní pẹ́ rárá, ṣíbí onígi wọn á nà síwájú mi, kọ́rì á máa ta sánsán lórí rẹ̀. "Ìyàwó, iyọ̀ rẹ̀ ńkọ́?" Màá lá a. "Ó tó, Màámá."

Ọkọ mi ń ta bàtà ní ọjà Race Course. Ní Kumasi yìí ni wọ́n ti bí i, Yorùbá rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ti dùn ún dé ọkàn, Twi ló máa ń sá wọ̀. Dókítà yẹ àwa méjèèjì wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe wá, kí á lọ máa gbìyànjú. Ní ọjọ́ yẹn, bí a ti ń bọ̀ lọ́nà, ó ní, "Ɛnyɛ hwee." Kò sí nǹkan, ni àwọn Ashanti ń sọ yẹn. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti gbọ́ "Ɛnyɛ hwee" lẹ́nu rẹ̀, mo ti mọ̀ pé nǹkan wà.

Ọdún kan wá dé. Ọ̀sẹ̀ tí mo máa ń dá ààwẹ̀ dúró dé, mi ò dá a dúró. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo kàn ń jí fún sàárì lójoojúmọ́, mò ń ṣe àlùwàlá, mò ń kírun. Ṣùgbọ́n Màámá kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po mílíìkì fún mi ní sàárì, wọ́n á dúró tì mí títí màá fi mu ún tán. Mo fẹ́ gbé àpò èédú, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. "Fi í sílẹ̀ o! Kí lo fẹ́ fi gbé e?" Bí wọ́n bá ń tẹ́ ìyẹ̀fun, wọ́n á máa kọ orin wákà lábẹ́nu. Inú dídùn kì í ṣeé pa mọ́ra. Àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún aboyún wà létè wọn, mò ń rí i bó ṣe ń yọrí, wọn kò kàn fẹ́ kó jáde kí ọ̀rọ̀ náà tó dájú.

Ọkọ mi pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í tètè ti ṣọ́ọ̀bù. Á wá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, á ní kí á jẹ́ kí òun bá wa ká sàmósà. Èyí tó kọ́kọ́ ká rí bí etí ewúrẹ́. Màámá gbé e sókè, wọ́n ní, "Ẹ gbà mí o! Ọmọ tí mo bí rèé?" A rẹ́rìn-ín títí ojú mi fi ṣe omi. Odindi ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò gbọ́ Twi kan lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ń bi ara mi léèrè ohun tí a máa sọ ọmọ náà. Ẹ ò rí ìwà òmùgọ̀!

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń yí ẹ̀fọ́ lórí iná. Mo ti fi iyọ̀ sí i. Mo wá mọ nǹkan lára, mo mọ̀ ọ́n kí n tó dìde rárá. Mo sọ ẹ̀fọ́ kalẹ̀, mo lọ sí balùwẹ̀, mo wò ó. Òun náà ni. Mo jókòó sórí garawa tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Mi ò sunkún. Inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi sí ara mi yìí tí mò ń bọ́ tí mò ń wẹ̀ fún, tí kò sì mọ ohun méjì í ṣe ju kó máa dà mí lọ. Inú ń bí mi sí Ẹlẹ́dàá pàápàá, Àsìtàgàfúrúláhì. Mo ń gbọ́ orin wákà Màámá láti ibi ìdáná. Mo wá pinnu níbẹ̀ pé mi ò ní sọ. Lónìí nìkan. Kí wọ́n kọ orin wọn di alẹ́.

Mo padà sídìí ẹ̀fọ́, mo sì tún fi iyọ̀ sí i. Mi ò rántí pé mo ti fi sí i tẹ́lẹ̀. Màámá béèrè láti ìdí ìyẹ̀fun wọn, "Ṣé iyọ̀ ti wọ̀ ọ́?" Mo ní ó ti wọ̀ ọ́. Lójú tiwọn, ẹnu àwa méjèèjì wà nínú ààwẹ̀, wọn kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ààwẹ̀ tèmi ti bàjẹ́, mo lè lá a nígbà yẹn, mo lè bu ẹ̀kúnwọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá lá a pẹ́nrẹ́n, wọ́n á rí mi. Mo pa ẹnu mi dé bí ẹni tí ebi ń pa nítorí Ọlọ́run, a dì í, a dín in, ó pupa dáadáa, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lórí àwo.

Ọkọ mi gbé ti sàráà lọ sí mọ́sálásí fún àwọn àgbà tó máa ń ṣínu lórí ẹní níwájú ibẹ̀, bó ti ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n pe ìrun. Èmi àti Màámá jẹ èso dàbínù, a mu omi. Màámá mú sàmósà kan, wọ́n gé e jẹ, wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu díẹ̀, ẹnu wọn dúró. Èmi náà gé tèmi. Háà! Iyọ̀ ló gbá mi lẹ́nu, ẹ̀fọ́ náà korò. Kí n tó gbé e mì, ọkọ mi ti wọlé pẹ̀lú àwo sàráà lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀. Gbogbo sàmósà inú rẹ̀ ni wọ́n ti gé jẹ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n dá padà. Ojú ehín àwọn àgbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi wo ojú mi, ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ɛnyɛ hwee."

Màámá ní kó lọ kírun rẹ̀. Nígbà tó jáde tán, wọ́n bi mí, "Nígbà wo ló dé?"

"Lọ́sàn-án yìí, Màámá."

"Nígbà náà, o lè tọ́ ọ wò."

"Mo lè tọ́ ọ wò."

"O ò sì tọ́ ọ wò."

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ́. Èmi tí mi ò gbé ojú sókè wo ìyá ọkọ mi rí, mo pariwo débi tí obìnrin Hausa ẹ̀gbẹ́ wa fi pa rédíò rẹ̀. Mo ní, "Màámá, tí mo bá tọ́ ọ wò, ẹ ó mọ̀! Ọdọọdún lẹ̀ ń mọ̀! Ẹ̀yin mọ̀, ọmọ yín mọ̀, ògiri ilé yìí mọ̀! Ṣé mi ò lè ní ọjọ́ kan ṣoṣo péré tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀?"

Màámá fa àwo sàráà yẹn súnmọ́ra, wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ti gé jẹ, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n mu omi lé e. Wọ́n mú òmíràn. Màámá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, iyọ̀ wà nínú ohun tí dókítà ní kí wọ́n yàgò fún, mo sọ fún wọn, mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Màámá, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n ní oúnjẹ kì í ṣòfò nílé àwọn. Omi ń dà lójú wọn, wọn kò nù ún, wọ́n ṣáà ń jẹ. Nígbà tí mo rí i pé wọn kò ní dáwọ́ dúró, mo jókòó sílẹ̀, mo bá wọn jẹ ẹ́ kó lè tètè tán.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n na ṣíbí sí mi. Wọn kò wojú mi, wọn kò béèrè iyọ̀. Láti ọdún yẹn ni wọn kò ti béèrè mọ́. Wọ́n á kàn nà án, èmi náà á kàn lá a. Àdúrà oṣù nìkan ni wọn kò fi sílẹ̀: "Ọlọ́run á jẹ́ kí o gbààwẹ̀ rẹ pé." Ọdún ń gorí ọdún, mò ń ṣe àmín tí mi ò gbàgbọ́. Àwọn ìyàwó tí a jọ dé Alabar di ìyá tibí, ìyá tọ̀hún, wọ́n ń fi orúkọ ọmọ pè wọ́n. Èmi, Ìyàwó ni mí. Irun mi ti ń funfun, Ìyàwó ni mí síbẹ̀.

Ṣíbí náà kò wá sí ọwọ́ mi mọ́ báyìí. Nǹkan oṣù mi ń fo, ó ń padà wá, ó tún fo, títí kò fi wá mọ́ rárá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n ní ọ̀tá tí mo fi gbogbo ayé mi bá jà ti lọ, ó sì kó ilé mi lọ? Mo rò pé màá mí. Mi ò mí. Nígbà tó ń wá, bí mo tilẹ̀ ń bú u, ó ṣì ń fi hàn pé ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ níbì kan.

Ràmàdáánì tó kọjá yìí, Màámá kò gbààwẹ̀. Àgbà ti dé, oògùn wọn pọ̀, a ń fún aláìní lóúnjẹ dípò ààwẹ̀ wọn. Àwọn ni wọ́n wá ń tọ́ iyọ̀ wò. Èmi ni mò ń po ìyẹ̀fun, èmi ni mò ń tẹ́ ẹ. Ọkọ mi ní kí á kúkú máa ra èyí tí wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀ nínú fíríìsà, mo ní kó gbé e lọ. Màá bu ẹ̀fọ́ sórí ṣíbí onígi yẹn, màá nà án sí Màámá níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n á lá a. "Ó tó." Lọ́jọ́ kan, mo bu èyí tí mi ò tíì fi iyọ̀ sí rárá fún wọn. Wọ́n ní ó tó. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń ṣàánú mi ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n bi mí pé ṣé obìnrin ará Íńdíà yẹn ti jí, kí àwọn lọ gbálẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọpọlọ wọn ti ń lọ.

Ọjọ́ tí ààwẹ̀ parí, wọ́n rí oṣù, àwọn èèyàn ń hó ní ìgboro Alabar. Mo ń fọ páànù. Màámá jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń wò mí ṣáá. Wọ́n ní, "Ìyàwó."

"Màámá."

"Oṣù yìí, mi ò na ṣíbí sí ọ."

"Ẹ ò na án sí mi, Màámá."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"O gbààwẹ̀ rẹ pé?"

Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́. Ó dúró, ó ń wò mí. Mo nu ọwọ́ mi. Mo ní, "Mo gbà á pé, Màámá."

Ẹ ò rí ojú wọn! Ojú ọdún yẹn gan-an ni, ojú tó ń kọ orin wákà. Wọ́n ké Alihamudulilahi, wọ́n pe ọmọ wọn, wọ́n ní kó gba páànù lọ́wọ́ mi kíákíá, ṣé kò mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo ni. Ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi. Kò sọ Yorùbá, kò sọ Twi. Màámá ní kí n súnmọ́ àwọn. Mo kúnlẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò gbé ọwọ́ lé orí mi. Ikùn mi ni wọ́n gbé e lé, ọwọ́ wọn ṣì ń rùn fún kọ́rì. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Láti ọjọ́ tí mo ti dé Kumasi, ẹnikẹ́ni kò ṣe àdúrà yẹn fún mi rí. Mo ṣe àmín.